Ìbéèrè Ogójì Ọdún

Ẹ sún wọlé dáadáa kí ìjì má fẹ́ òjò lù yín. Ẹ kò wá kí mi, mo mọ̀. Òjò ló lé yín wọ ìloro èmi Ọdẹ́rìndé, nítorí pé páànù tèmi kò jò bíi ti aládùúgbò mi. Kò burú. Ó ti lé ní ọdún kan tí ènìyàn mẹ́fà ti jókòó pọ̀ níbí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, n kò sì ní jẹ́ kí ẹ lọ lọ́wọ́ òfo. Láyé ijọ́un, ẹni tó bá wọ ilé mi, ẹran ìgbẹ́ ni yóò jẹ. Ojú mi kò rí ọ̀kánkán mọ́, ìbọn mi ti dìpẹtà, nítorí náà ìtàn ni ẹ ó jẹ lónìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé kọ̀ǹpútà lé itan, tí ẹ rò pé ohun tí arúgbó ọdẹ mọ̀ kò kọjá ìbọn àti àpò ọdẹ, ẹ fetí sílẹ̀. Èmi yìí ti fi ọwọ́ ara mi mú kọ̀ǹpútà sáré ju bí ẹni tó ṣe é ti ní kó máa sáré lọ, mo sì fi omi tù ú lára kó má baà jóná. Ẹ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ní mo bá ẹfọ̀n jìjàkadì lẹ́yìn odò, irú ẹ̀rín yìí náà ni wọ́n rín, títí wọ́n fi rí ìwo rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Àwẹ̀ró ìyàwó mi bí fún mi. Ọdẹ́bùnmi lorúkọ rẹ̀. Ọmọ náà gbọ́n, ó sì lágídí. Èmi ló fi àgídí jọ. Nígbà tó pé ọmọ ogún ọdún, ó ní òun fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ní ìlú ńlá. Mo ní n kò gbọ́. Ó ní òun yóò lọ. Ọ̀rọ̀ di ariwo, inú bí mi, mo ní, "Bí o bá lọ, má padà wá." Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọmọ náà wò mí, kò sunkún, ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ. Ọdún kìíní, kò padà. Ọdún kejì, kò padà. Ní ọdún kẹta, Àwẹ̀ró kú. Àwọn ènìyàn ní ibà ló pa á, ṣùgbọ́n èmi tí mo bá a sùn lórí ẹní kan náà mọ ohun tó pa á.

Ọdún méje ni mo fi wá ọmọ mi lẹ́yìn ìyẹn. Èmi tí mo lè tọ ipasẹ̀ èkùlù fún ọjọ́ mẹ́ta nínú ìrì, n kò rí ipasẹ̀ ọmọ bíbí inú mi. Ìtìjú ńlá ni fún ọdẹ. Ìgbà tó yá, alágbẹ̀dẹ tó rọ ìbọn mi sọ fún mi pé kọ̀ǹpútà kan ń bẹ ní Ìlú Ìṣirò, lẹ́yìn Igbó Àìdáhùn. Ó ní ẹ̀rọ náà mọ gbogbo ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ènìyàn lè tọ̀ láyé. Bí èèyàn bá dárúkọ ẹni tó ń wá fún un, yóò ṣírò àwọn ọ̀nà náà níkọ̀ọ̀kan, yóò sì sọ ibi tí onítọ̀hún wà. Ọjọ́ kejì ni mo gbéra.

Igbó Àìdáhùn yẹn, ẹ má bẹ Ọlọ́run pé kẹ́ ẹ débẹ̀. Kò sí ẹkùn níbẹ̀, kò sí ejò. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ohùn kì í padà wá báni. Mo hó, ariwo mi bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Mo fi àdá gé igi, igi wó, n kò gbọ́ ìró rẹ̀. Ẹyẹ ń ya ẹnu lórí ẹ̀ka, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ní ọjọ́ kejì, mo ń bá ìbọn mi sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, mo ń bínú sí i pé kò dá mi lóhùn. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ wọ́n níyà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, èmi náà sì jẹ ìyà tèmi nínú igbó yẹn.

Níbi tí igbó náà ti fẹ́ parí ni iwin kan ti dábùú ọ̀nà. Kò-Sénìyàn lorúkọ rẹ̀. Ó ga tó ọ̀pẹ méjì, ẹsẹ̀ kan ló ní, irun ìrùngbọ̀n rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ó ní n kò ní kọjá. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta, kí n sòótọ́, inú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn pé ọ̀tá bá mi sọ̀rọ̀. Mo yìnbọn lù ú lẹ́ẹ̀meje. Ó gbé ọta náà mì, ó sì ń tu wọ́n jáde bí ẹni ń tu kóró ọsàn. Mo sáré sí i, mo dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo, a jà láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kanrí. Kò sí ẹni tó ṣubú. Ẹ lè bi ẹnikẹ́ni tó bá ti débẹ̀ rí, wọn yóò sọ fún yín pé kò sí ọmọ ènìyàn tó tíì bá a jà títí di ọ̀sán àfi èmi.

Nígbà tó rẹ̀ wá, ó ní, "Ọdẹ, n ó bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ kan. Bí o bá mọ̀ ọ́n, máa lọ. Kí ló ń sáré tọ̀sán tòru tí kò kúrò lójú kan?"

Mo ní odò ni. Ó ní odò ń kúrò lójú kan, kí n wo ibi tó ń lọ. Mo ní ọlọ ni. Ó ní ọlọ ń sinmi bí ata bá kúnná. Mo wá rántí bí mo ti ń jókòó nílé mi láti àárọ̀ dalẹ́, tí mo ń wo ojú ọ̀nà. Mo ní, "Ọkàn ẹni tó ń retí ẹni ni."

Kò-Sénìyàn ní mo mọ̀ ọ́n. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́nà, ó jókòó, ó sì dojú bolẹ̀. Bí mo ti ń kọjá lọ, ó ní, "Èmi náà ń retí ẹnì kan." N kò bi í léèrè ẹni náà. Ó ń dùn mí títí di òní pé n kò bi í.

Mo dé Ìlú Ìṣirò, mo rò pé ogun ló kó o. Ilé pọ̀ níbẹ̀ lọ bẹẹrẹ, gbogbo ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ìkòkò wà lórí àdògán, àga wà lójúde, ṣùgbọ́n n kò rí ọmọ ènìyàn. Ilé kan ṣoṣo ni ìró ń jáde nínú rẹ̀, ìró wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí oyin nínú ihò igi. Mo kan ilẹ̀kùn. Obìnrin àgbà kan yọjú pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, bó ti rí mi, abọ́ náà bọ́, ó fọ́.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún sọ̀rọ̀."

Mo ní, "N kò tíì sọ nǹkan kan, ìyá."

Ó ní, "Ẹ ti sọ ọ́ báyìí." Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú. "Ẹ wọlé. Ẹ kú ìrìn. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Ẹfúnbọ́lá lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni nígbà tí Ṣówándé ọkọ rẹ̀ bá àwọn oníṣòwò ẹja lọ, tí kò bọ̀. Ó wá sí Ìlú Ìṣirò láti béèrè rẹ̀, ó sì ti lo ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n níbẹ̀. Ó ní ìlú náà kún rí. Ẹni tó bá gba ìdáhùn tirẹ̀ yóò di ẹrù, yóò sì lọ bá ẹni tó ń wá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lọ níkọ̀ọ̀kan títí ó fi ku òun nìkan. Ìbéèrè tirẹ̀ ló gùn jù. Oṣù márùn-ún àti díẹ̀ ló kù kí ìdáhùn rẹ̀ jáde.

Ó mú mi wo kọ̀ǹpútà náà. Irin rẹ̀ kún yàrá kan, ṣùgbọ́n ọpọlọ tó ń ṣírò kò tóbi ju bisikíìtì kan lọ. Gbogbo ọgbọ́n ilé náà wà nínú bisikíìtì yẹn. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀ nínú ọpọlọ náà, ọ̀kan kì í dí èkejì lọ́wọ́. Mo dárúkọ Ọdẹ́bùnmi ọmọ mi, mo sọ ọjọ́ tó kúrò nílé àti ohun tó wọ̀. Ojú ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ogójì ọdún ni ìṣirò náà yóò gbà.

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mí nígbà náà. Mo jókòó sílẹ̀. Mo sunkún, n kò sì tijú obìnrin náà.

Nígbà tí mo sunkún tán, Ẹfúnbọ́lá fi bọ́tìnnì kan hàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tèmi. Àmì mẹ́jọ ló wà lára rẹ̀. Bí èèyàn bá yí i dé àmì kìíní, ọpọlọ yóò sáré ní ìlọ́po méjì, ogójì ọdún yóò di ogún. Àmì kejì, ogún yóò di mẹ́wàá. Báyìí ni àmì kọ̀ọ̀kan ṣe ń gé àkókò sí méjì. Òfin méjì ló wà níbẹ̀. Ọwọ́ tó yí bọ́tìnnì sókè nìkan ni bọ́tìnnì náà ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Bí a bá sì ti fọwọ́ kàn án, ì báà ṣe sókè, ì báà ṣe sílẹ̀, ìbéèrè onítọ̀hún yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀.

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ kò yí tiyín?"

Ó ní, "Eré ń mú ooru wá, bàbá ọdẹ. Ọpọlọ tó bá gbóná kọjá ìwọ̀n márùndínlọ́gọ́rùn-ún yóò jóná, kò sì sí òmíràn láyé. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo fẹ̀sọ̀ mú tèmi."

"Ẹ wá fẹ́ kí n yí tèmi?"

Ó ní, "Bí ẹ kò bá yí i, ẹ ó padà sílé lọ́la. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn ènìyàn."

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwo bàbà kan wà tí alágbẹ̀dẹ ìlú náà rọ kó tó gba ìdáhùn tirẹ̀ lọ, ihò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀ fún omi láti gbà kọjá. Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n rọ, kò sì rọ èkejì. A kán lẹ́ẹ̀ funfun tó ń gbé ooru kọjá, bí hóró àgbàdo kan, sí orí ọpọlọ, a gbé àwo náà lé e. A so páìpù mọ́ ọn. Pọ́ǹpù yóò ti omi láti inú àgbá, omi yóò gba inú àwo kọjá, yóò gbé ooru ọpọlọ dání lọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí fáànù ti ń fẹ́ ẹ, yóò sì padà sínú àgbá ní tútù. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ojú mi ni mo fi rí òwe náà tó ń ṣiṣẹ́.

Omi ọ̀hún kì í ṣe omi kànga. A ń se omi nínú ìkòkò ńlá, ooru rẹ̀ ń kan ọmọrí, ìyẹn tó ń kán láti ara ọmọrí ni à ń gbè. Omi tí kò ní nǹkan kan nínú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a fi gbè é kí àgbá tó kún.

Ẹ̀yin ènìyàn, ibi tí mo ti ṣẹ̀ nìyí. Ẹ lè gbọ́ kí ẹ sì dá mi lẹ́jọ́. Ní ìdílé tiwa, ọdẹ tó bá fẹ́ lo omi tí kò mọ̀ rí, yóò kọ́kọ́ fi iyọ̀ kí i, kí ẹni tó ni omi lè mọ̀ pé a kò wá jalè. Bàbá mi ṣe é, bàbá rẹ̀ ṣe é. Nígbà tí Ẹfúnbọ́lá lọ wá igi ìdáná, mo dúró níwájú àgbá náà, ẹ̀rù bà mí. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ni, n kò fẹ́ kí omi kankan bínú sí mi. Fún odò lásán, ìka méjì là ń fi bu iyọ̀. Èmi bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo dà á sí i, mo ní, "Omi, mo kí ọ o, bá mi wá Ọdẹ́bùnmi." Abéèrè kì í ṣìnà. Obìnrin náà wà ní ìwọ̀n ìpè, n kò pè é kí n bi í.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí bọ́tìnnì, àmì kan lójúmọ́. Ní àmì kọ̀ọ̀kan, a ó bi ẹ̀rọ náà pé ẹ̀jọ lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ mélòó, ní ẹgbẹ̀rún ìgbà. Bí ó bá ń sọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta láìṣì, orí rẹ̀ pé. Ní àmì kẹfà, ó sọ mẹ́tàlélọ́gọ́ta lẹ́ẹ̀kan. Ẹfúnbọ́lá ní ebi iná mànàmáná ló ń pa á, ẹni tó ń sáré ní láti jẹun jù. Ó fi iná kún un, orí rẹ̀ pé padà, ara rẹ̀ sì gbóná sí i. A so fáànù mẹ́ta mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a dé àmì kẹjọ. Gílásì tó ń sọ ìwọ̀n ooru dúró lórí mọ́kànléláàádọ́rin, kò lọ, kò bọ̀. Ogójì ọdún ti di ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Mo jó yí ilé náà ká, ẹni tó bá rí mi yóò rò pé mo ń ṣe ìyàwó.

Ọjọ́ wọ̀nyẹn dára fún mi. N kò ní parọ́. Láti ìgbà tí Àwẹ̀ró ti kú, kò sí ẹni tó bi mí bóyá mo ti jẹun, àfi Ẹfúnbọ́lá. Mo ń pa òkété, ó ń se ọbẹ̀. Ó ń sọ ti Ṣówándé fún mi, mo ń sọ ti Ọdẹ́bùnmi fún un. A máa ń jókòó ti pọ́ǹpù náà, a óò máa wo gílásì bí ẹni ń wo ojú aláìsàn.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gọ́ta pé. Ìdáhùn mi yóò jáde kí oòrùn tó wọ̀. Mo ti di ẹrù. Láàárọ̀, mo wo gílásì, mo rí mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Nígbà tí oòrùn gòkè díẹ̀, ó di ọgọ́rin. A tú fáànù wò, wọ́n ń fẹ́. Pọ́ǹpù ń ti omi, ṣùgbọ́n omi tó ń padà sínú àgbá kò ju okùn tẹ́ẹ́rẹ́ lọ, ó sì ní àwọ̀ ewé. Ó di méjìdínláàádọ́rùn-ún. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti ẹ̀gbẹ́ àwo bàbà náà.

Ẹfúnbọ́lá na ìka síbi tó ń kán, ó tọ́ ọ wò.

"Bàbá ọdẹ, omi yìí níyọ̀."

"Èmi ni mo fi sí i."

"Nítorí kí ni?"

"Mo fi kí omi ni. Bẹ́ẹ̀ là ń ṣe nílé wa."

Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó ní, "Iyọ̀ máa ń jẹ irin, ó máa ń jẹ bàbà. Láti ọjọ́ tí ẹ ti kí i ló ti ń jẹ ẹ́. Ìdọ̀tí ìjẹ rẹ̀ ló dí àwọn ihò náà."

Ó di mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Mo wo oòrùn, oòrùn kò tíì kúrò ní àtàrí. Mo ro ó pé bóyá yóò fara dà á dìrọ̀lẹ́. Ẹ má purọ́ fún mi, kò sí ẹni tó wà níbí tí kò ní ro ohun tí mo rò. Wákàtí mélòó kan péré, ọmọ mi ló wà ní òpin rẹ̀. Bí mo bá yí bọ́tìnnì sílẹ̀, ogójì ọdún ni, kò sì sí àwo bàbà mìíràn láti fi sáré mọ́ láéláé. Bí n kò bá yí i, tí ọpọlọ sì jóná, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n obìnrin yìí jóná mọ́ ọn, nígbà tó ku oṣù mẹ́ta.

Bọ́tìnnì náà kò lè gbọ́ tirẹ̀. Ọwọ́ mi nìkan ló kù. Mo rò pé yóò kúnlẹ̀ bẹ̀ mí, mo sì ti ń wá ohun líle tí n ó sọ. Kò bẹ̀ mí. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ní, "Ṣówándé fẹ́ràn ẹ̀kọ gbígbóná. Bó bá ti tutù díẹ̀, kò ní jẹ ẹ́ mọ́." Ohun tó sọ nìyẹn.

Gílásì dé mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Ìwọ̀n kan ló kù. Mo na ọwọ́, mo yí bọ́tìnnì náà sílẹ̀ pátápátá, mo sì ké orúkọ ọmọ mi bí mo ti ń yí i. Ojú ẹ̀rọ náà ṣú, ó tún mọ́lẹ̀, ó kọ ọ́ pé ogójì ọdún, ooru inú gílásì sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Mo bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ iwin jà láyé mi, mo ṣẹ́gun wọn. Ọwọ́ mi yìí kò ṣe ohun tó wúwo tó ìyẹn rí.

Mo dúró tì í fún oṣù mẹ́ta. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀rọ náà tu bébà kan jáde. Ṣówándé wà láàyè. Ìrìn ọjọ́ mọ́kànlá ni ibi tó wà. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ọjọ́ mọ́kànlá. Ẹfúnbọ́lá ka bébà náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi bí ọkùnrin, ó gbá ẹsẹ̀ mi mú. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti lọ. Inú mi dùn fún un, mo sì jowú rẹ̀ débi pé n kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Àwọn méjèèjì wà nínú mi pọ̀.

Èmi nìkan ló kù ní Ìlú Ìṣirò. Mo ń gbá ilẹ̀, mo ń nu fáànù. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọkùnrin kan dé tó ń wá ìbejì rẹ̀, mo fi ìtọ́jú ẹ̀rọ náà lé e lọ́wọ́, mo sì kìlọ̀ ọ̀rọ̀ iyọ̀ fún un. Mo lè dúró níbẹ̀ kí n kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn: bí Ọdẹ́bùnmi bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà wálé ńkọ́, tí kò bá ẹnikẹ́ni nílé? Ìdí nìyẹn tí mo fi padà wá. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lọ sí òde kankan láti ọdún mọ́kàndínlógún, tí ẹ fi ń pè mí ní arúgbó tó kórìíra ènìyàn.

Ó ku ọdún mọ́kànlélógún kí bébà tèmi jáde. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, ìṣirò yẹn kò nílò kọ̀ǹpútà. Bí ọmọ mi bá wà láàyè, òun náà yóò ti tó ẹni àádọ́rin ọdún nígbà náà. Ẹni tó bá bá mi gba bébà náà, kó tọ ọ̀nà tí wọ́n kọ sí i, kó bá mi kí i, kó sọ fún un pé bàbá rẹ̀ wá a títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi gbé e mọ́. Kó má bá mi tọrọ àforíjì, kó ṣáà sọ ìyẹn. Mo mọ gbogbo ọ̀nà Igbó Àìdáhùn lórí, mo mọ ohun tí Kò-Sénìyàn ń béèrè, n ó sì kọ́ni láìfi ọ̀kan pamọ́. Ta ni kí n kọ́ nínú yín?